Ààwẹ̀ Omi Èso: Bí A Ṣe Lè Gbà Á Kí Ara Sì Jèrè Rẹ̀

Ààwẹ̀ omi èso ni kí ènìyàn pa oúnjẹ tí à ń jẹ lẹ́nu tì fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí ó sì máa mu omi tí a fún láti ara èso àti ẹ̀fọ́ tútù, pẹ̀lú omi lásán. Oríṣiríṣi nǹkan ni ó ń gbé ènìyàn dé ìdí rẹ̀: ẹnìkan fẹ́ kí ara òun fúyẹ́, ẹlòmíràn fẹ́ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ohun mímu aládùn tí ó ti di bárakú, ẹlòmíràn sì ti rí i pé ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí ewé ẹ̀fọ́ kankan má kan òun lẹ́nu. Èmi gbà pé ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta lè ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá láǹfààní, bí ó bá mọ ohun tí ó ń wá lọ, tí ó sì múra sílẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, abẹ́ àbójútó oníṣègùn ni ó yẹ kí ó ti wáyé. Mo sì gbà pé bí a ṣe wọ inú ààwẹ̀ yìí àti bí a ṣe jáde kúrò nínú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rọ́jú tó ní àárín rẹ̀ lọ, nítorí náà ni n ó ṣe pẹ́ díẹ̀ lórí àwọn ibi tí ọ̀pọ̀ ìtọ́ni máa ń sáré kọjá.

Ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ májèlé kúrò lọ́nà. Wọ́n máa ń sọ pé omi èso ń fọ ìdọ̀tí àti májèlé inú ara dànù. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín nìyẹn, wọ́n sì ń ṣe é tọ̀sán-tòru, yálà a jẹun tàbí a kò jẹun. Láàárín wákàtí 24, kíndìnrín méjèèjì a máa sẹ́ omi tí ó tó nǹkan bí 180 lítà láti inú ẹ̀jẹ̀, wọn a dá èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ padà sínú ara, wọn a sì jẹ́ kí nǹkan bí lítà kan sí méjì jáde bí ìtọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ kò nílò omi èso kankan láti ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa, omi èso yìí gan-an lè pa á lára, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara náà gba àlàyé. Ara a máa tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan. Ti ẹ̀dọ̀ a máa tó nǹkan bí 100 gíráàmù, ti iṣan a sì máa tó nǹkan bí 400 gíráàmù, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì di omi tí ó tó nǹkan bí gíráàmù 3 mọ́ra. Bí oúnjẹ bá ti dín kù, ibẹ̀ ni ara ti ń mú ná, omi tí ó wà lára rẹ̀ a sì bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn ọjọ́ méjì fi lè rí i pé kílò kan tàbí méjì ti lọ, tí inú rẹ̀ á dùn, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á sì padà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Omi ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó lọ. Ọ̀rá tí ó bá a lọ kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n ara nìkan ni ẹ ń lé, ẹ má fi ààwẹ̀ yìí da ara yín láàmú.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí omi èso kò ní. Àgbàlagbà nílò nǹkan bí 0.8 gíráàmù purotéènì lóòjọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó wọ̀n kílò 70 nílò gíráàmù 56. Omi èso tí ènìyàn lè mu ní odidi ọjọ́ kò sábà dé ìdajì rẹ̀. Bí purotéènì kò bá tó, ara á bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ́ lò láti inú iṣan. Fítámì B12 kò sí nínú èso tàbí ẹ̀fọ́, ọ̀rá sì kéré nínú omi wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ni ń ran ara lọ́wọ́ láti gba fítámì A, E àti K tí ó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti ewé. Ọjọ́ mẹ́ta kò pẹ́ tó láti jẹ́ kí àìní wọ̀nyí di àrùn fún ẹni tí ó ti ń jẹun dáadáa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè sọ ọ́ di ọ̀ràn mìíràn.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Èrè rẹ̀ ni pé ó ń dá àṣà dúró. Fún ọjọ́ mélòó kan, ènìyàn kò ní mu ọtí, kò ní mu ohun mímu aládùn inú agolo, kò ní jẹ oúnjẹ oníyọ̀ tí wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù, kò sì ní dá oúnjẹ jẹ láàárín òru. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ báyìí ni ó máa ń hàn sí ènìyàn pé ìgbà mìíràn kì í ṣe ebi ni ó ń gbé òun lọ sí ìdí ìkòkò, bí kò ṣe àárẹ̀, ìbínú tàbí àìrí-nǹkan-ṣe. Ó tún ń jẹ́ kí ahọ́n tún mọ adùn ohun tí kò ní ṣúgà àfikún. Ẹni tí kárọ́ọ̀tì tútù kò dùn mọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀ lè rí i ní ọjọ́ kẹta pé ó dùn. Èrè ńlá ni mo ka èyí sí, nítorí pé òun ni ó lè bá ènìyàn dé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Jámánì, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Otto Buchinger, tí ó gbé ayé láti 1878 sí 1966, ni ó sọ ààwẹ̀ tí ó fara jọ èyí di ìtọ́jú ilé ìwòsàn, níbi tí ènìyàn ti ń mu ìwọ̀nba omi èso àti omi ẹ̀fọ́ sísè, tí dókítà sì ń mójú tó o. Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú tí wọ́n dá sílẹ̀ lórí ìlànà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Überlingen ní 1953, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé àwọn tí ń gba ààwẹ̀ gígùn níbẹ̀ kì í dá a gbà. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ẹnìkan gba ti ọjọ́ mẹ́wàá láìsí wàhálà gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí ó ń ṣọ́ onítọ̀hún.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ dán an wò fúnra wọn

Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó sì ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tí ó ń lo oògùn tí ń lé ṣúgà wálẹ̀, ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Oògùn yìí kò mọ̀ pé oúnjẹ ti dín kù. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá 70 mílígíráàmù nínú dẹ́sílítà kan, tí ara á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tí òógùn á bo ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì ní já geere mọ́. Lẹ́yìn ife omi èso kan, ó tún lè fò sókè. Ẹ má ṣe dín oògùn kù fúnra yín nítorí ààwẹ̀, ẹ má sì gba ààwẹ̀ lórí oògùn tí dókítà kò tíì yẹ̀ wò fún un.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe àìsàn kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn rárá láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Pòtásíọ́mù, èròjà kan tí ara ń lò, pọ̀ nínú omi èso àti ẹ̀fọ́. Kíndìnrín tí ó dá pé á tú èyí tí ó bá pọ̀ jù dà sínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá lè ṣe é, pòtásíọ́mù á kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ṣí ìlù ọkàn lọ́nà. Lẹ́yìn èyí ni èròjà kan tún wà tí à ń pè ní oxalate, tí ó pọ̀ gan-an nínú ewé spinach àti nínú bíítírúùtù. Àwọn dókítà ti kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn ènìyàn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń mu omi ewé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu lójoojúmọ́ nítorí ìlera. Ẹni tí òkúta kíndìnrín ti yọ lẹ́nu rí náà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Aboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ara wọn ṣì ń dàgbà, arúgbó tí agbára rẹ̀ ti dín kù, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tí ó ti tinrín jù, àti ẹni tí oríkèé ara ń ro nítorí àrùn gout, gbogbo wọn ni kí ó yẹra fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ti ní ìṣòro pẹ̀lú oúnjẹ rí, bóyá tí ó máa ń febi pa ara rẹ̀ tàbí tí ó máa ń jẹun tán kí ó lọ pọ̀ ọ́. Ààwẹ̀ lè tún ṣí ilẹ̀kùn tí ó ti fi ìnira tì. Mo fi gbogbo ọkàn bẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó wá ọ̀nà mìíràn.

Oògùn tún ni. Fítámì K inú ewé tútù lè sọ agbára warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, di aláìtó, ẹni tí ó bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí mu omi ewé púpọ̀ sì lè wà nínú ewu ẹ̀jẹ̀ dídì láìmọ̀. Èso grapefruit ní tirẹ̀ a máa dí ọ̀nà tí ara fi ń tú àwọn oògùn kan palẹ̀, bíi simvastatin tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti felodipine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tí oògùn náà á fi pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen kò dára fún inú òfìfo. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sórí ìwé, kí ẹ sì mú un tọ dókítà tàbí apòògùn lọ kí ẹ tó ra èso kan ṣoṣo.

Ìmúrasílẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń mu kọfí lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ dín in kù díẹ̀díẹ̀, nítorí pé orí fífọ́ tí kọfí ń fà nígbà tí a bá dá a dúró lójijì a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè é ní májèlé tí ń jáde. Kọfí ni. Ẹ dín ẹran, ọtí àti ohun aládùn kù, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ sísè, ẹ̀wà àti èso jíjẹ rọ́pò wọn, kí inú má baà gba ìyípadà náà bí ẹni tí wọ́n bá lójijì.

Ẹ yan ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ agbára, tí kò sí ìrìn-àjò jíjìn tí ẹ ó wa ọkọ̀ fún, tí kò sì sí àsè. Ẹ sọ fún ẹnìkan nínú ilé pé ẹ fẹ́ gba ààwẹ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí yóò parí fún un, kí ó lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí òyì bá kọ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ kan péré tó. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a bẹ̀rẹ̀ kékeré, kí a wo bí ara ṣe gbà á, kí a tó máa sọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Bí a ṣe ń fún omi èso

Ìlànà tí mo fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni ẹ̀fọ́ mẹ́ta sí èso kan. Ìdí rẹ̀ ni ṣúgà. Ọsàn kan tí kò tóbi jù ní nǹkan bí gíráàmù 12 ṣúgà àti nǹkan bí gíráàmù 3 fáíbà, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú èso tí ń jẹ́ kí ṣúgà rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Bí a bá fún omi ọsàn kún ife 250 mílílítà, ṣúgà inú rẹ̀ á lé ní 20 gíráàmù, èyí tí ó pọ̀ jù nínú okùn náà á sì ti kù sínú ìṣẹ́kù tí a fẹ́ dà nù. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2015, ṣúgà inú omi èso wà lára èyí tí wọ́n ní kí a dín kù sí ìsàlẹ̀ ìdá mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́, tí ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 50 fún ẹni tí ń jẹ oúnjẹ 2000 kálórì. Ife omi ọsàn mẹ́ta lásán ti kọjá rẹ̀. Ẹni tí ó bá mu kìkì omi ọsàn, èso àjàrà àti ọ̀pẹ̀yìnbó fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣúgà ni ó fi gba ààwẹ̀.

Fún ìgò kan tí ó tó ìdajì lítà, ẹ mú kárọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin, odidi kùkúḿbà kan, igi sẹ́lẹ́rì méjì, ápù kan, atalẹ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, àti ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ fi omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ọwọ́ yín fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹ fi omi tí ń ṣàn fọ èso àti ẹ̀fọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọṣẹ sí wọn. Kárọ́ọ̀tì gba kí a fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara rẹ̀, igi sẹ́lẹ́rì sì gba kí a ya wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Ibi tí ó bá ti rà tàbí tí ó ti bó lára èso, ẹ gé e sọnù. Ẹ yọ kóró inú ápù, torí pé nígbà tí ẹ̀rọ bá lọ̀ ọ́, ó lè tú májèlé tí à ń pè ní sáyánáídì sílẹ̀. Kóró díẹ̀ kò ní pa ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ìdí kankan tí a fi ní láti máa mu ún lójoojúmọ́.

Ẹ̀rọ méjì ni ó wọ́pọ̀. Ọ̀kan ń yí kíákíá, ó ń gé èso wẹ́wẹ́, ó sì ń fi agbára yíyí já omi rẹ̀ jáde. Owó rẹ̀ kì í sábà wọ́n, ṣùgbọ́n kì í rí omi púpọ̀ fún jáde lára ewé. Èkejì ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń rún èso mọ́lẹ̀ bí eyín ṣe ń rún oúnjẹ, ó sì dára fún ewé. Ẹni tí kò ní ìkankan nínú wọn lè fi blẹ́ńdà lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ó sì fi aṣọ funfun tí a ti sè sẹ́ ẹ. Ní tèmi, bí ẹni tí ó ń lo blẹ́ńdà kò bá tilẹ̀ sẹ́ ẹ, tí ó mu ún ní kíki rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò jẹ èrè okùn inú rẹ̀.

Bí omi náà ṣe ń bọ́ sínú ife, fóòmù á kọ́kọ́ gun òkè, àwọ̀ kárọ́ọ̀tì á wà lábẹ́ rẹ̀, omi kùkúḿbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi lásán á sì máa yà sọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ife láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò bàjẹ́, ẹ kàn fi ṣíbí rò ó. Òórùn atalẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kan ahọ́n, adùn kárọ́ọ̀tì á sì tẹ̀lé e. Bí ó bá le jù lẹ́nu, omi ni kí ẹ fi là á, kì í ṣe èso aládùn mìíràn.

Ẹ pààrọ̀ ewé tí ẹ ń lò. Bí ẹ bá lo spinach tàbí bíítírúùtù nínú ìgò kan, ẹ fi lẹ́tùúsì tàbí kábéèjì ṣe ti èyí tí ó tẹ̀lé e, nítorí ọ̀rọ̀ oxalate tí mo sọ ṣáájú. Bíítírúùtù lè sọ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn kan di pupa; ẹ rántí ohun tí ẹ mu kí àyà yín tó já.

Ìmọ́tótó ni ibi tí ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ ti dẹ̀. Omi èso tí a kò sè kò ní ohun tí ó pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀. Ní 1996, omi ápù tí wọn kò fi iná pa kòkòrò inú rẹ̀ kó àrùn E. coli O157:H7 ran ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọmọ kékeré kan sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹ tú ẹ̀rọ palẹ̀, kí ẹ sì fọ gbogbo ara rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, ní pàtàkì asẹ́ rẹ̀, nítorí pé okùn èso tí ó bá gbẹ mọ́ ọn lára di ilé fún kòkòrò. Ẹ tọ́jú omi èso sínú ìgò tí ó ní ìdérí nínú fíríìjì tí òtútù rẹ̀ kò ju 4°C lọ, kí ẹ mu ún láàárín ọjọ́ kan, kí ẹ sì da èyí tí ó bá ti wà níta ju wákàtí méjì lọ nù. Ẹni tí agbára ara rẹ̀ láti bá àrùn jà kò pọ̀ kò gbọ́dọ̀ mu omi èso tútù tí a kò fi iná kàn.

Ọjọ́ ààwẹ̀ fúnra rẹ̀

Lítà kan àbọ̀ sí lítà méjì omi èso tó fún ọjọ́ kan, kí a pín in sí ife márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí a sì máa mu ún ní wákàtí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ má gbé e dà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa fà á mu díẹ̀díẹ̀, kí ṣúgà má baà kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa mu omi lásán láàárín wọn bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ yín. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú omi àti iyọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì mu omi rẹ̀ ní gbígbóná; iyọ̀ kò pọ̀ nínú omi èso, ẹni tí ó bá ń mu omi púpọ̀ láìsí iyọ̀ lè ní orí fífọ́ àti òyì. Ẹni tí dókítà ti ní kí ó yẹra fún iyọ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí.

Ásíìdì inú omi ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ lè jẹ eyín. Ẹ lo ìfami, ìyẹn ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń fa ohun mímu, kí ẹ fi omi yọ́ ẹnu lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fọ eyín, nítorí pé ásíìdì ti mú kí ara eyín rọ̀ ní àkókò yẹn, búrọ́ọ̀ṣì sì lè ha á kúrò.

Ní ọjọ́ kìíní, ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń le, ní àkókò tí ilé bá ń rùn fún oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì, òtútù lè máa mú yín, ẹnu lè máa rùn díẹ̀, inú lè tètè máa bí yín, ìgbẹ́ sì lè má wá. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun ìjayà. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ má sáré, ẹ má gbé ẹrù wúwo, kí ẹ sì tètè sùn. Ẹ rọra dìde lórí ibùsùn, kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó nàró. Bí àárẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ jẹ ẹyin sísè kan tàbí ẹ̀wà díẹ̀, kí ẹ sì máa bá omi èso náà lọ; kò sí adájọ́ tí ń ka àṣìṣe, ara tìrẹ ni ò ń tọ́jú.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá dákú, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìjikìji tàbí tí ó ń fò lù, tí àyà ń dùn ún, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru kò dáwọ́ dúró, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, ààwẹ̀ ti parí níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ni ó kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé kí ó fara dà á, pé ara ni ó ń wẹ̀ mọ́.

Bí a ṣe ń já ààwẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́, tí wọ́n á jókòó ti àwo oúnjẹ ọlọ́ràá ní alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, tí inú á sì fi ìrora sọ tirẹ̀ títí di òwúrọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi odidi ọjọ́ kan sí méjì padà. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ èso tí ó rọ̀ tàbí ẹ̀fọ́ tí a sè rọ̀ dáadáa, kí ẹ rún un kúnná. Ní ọ̀sán, ẹ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba oúnjẹ oníhóró. Ní alẹ́, ẹ fi ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà kún un, torí pé iṣan ti ń retí purotéènì. Òróró díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, kí ẹran àti ohun dídín dúró di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta.

Fún ẹni tí ó bá ti lo ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ ohun tí ó tó nǹkan, ọ̀rọ̀ náà kọjá inú dídùn. Nígbà tí oúnjẹ púpọ̀ bá dé lójijì, ara á fa fọ́sífétì, pòtásíọ́mù àti magnesium wọ inú iṣan àti ẹran ara, ti inú ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀ dé ibi tí ọkàn fi lè ṣe ségesège, tí ènìyàn sì lè kú. Ìdí tí mo ṣe ní kí oníṣègùn wà ní ìdí ààwẹ̀ gígùn nìyí: ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a lè yẹ̀ wò kí a tó mọ̀.

Láti ọjọ́ kẹrin, ẹ mú ife omi ẹ̀fọ́ kan dání lójoojúmọ́ bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ, kí ó má ṣe rọ́pò rẹ̀. Ìṣẹ́kù tí ẹ̀rọ kó jọ, ẹ má dà á nù mọ́. Ó dára nínú ọbẹ̀, ó sì dára nínú búrẹ́dì tí a bá fúnra wa ṣe, nítorí pé okùn tí a ti ń wá wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tún ààwẹ̀ náà gbà, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ fi jẹun dáadáa kọjá ná. Ẹni tí dókítà bá sì ti dín oògùn rẹ̀ kù nítorí ààwẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ bá a kí ó tó dá ìwọ̀n oògùn náà padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.